Wáyà Dúdú

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ réwáyà n'Íbàdàn, síbẹ̀ inú mi ṣì máa ń dùn tí wọ́n bá ní rédíò mọ́tò ń ṣe wàhálà. Iná ẹ̀yìn tí kò tàn, kò lóhùn. Rédíò ní tiẹ̀ á máa rojọ́: tó bá ń hu bí ẹ̀fọn bí a ṣe ń tẹná, mo ti mọ apá ibi tí màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Alájà kan gbé Camry wọn wá.

"Ọmọ mi, lọ́sàn-án ó ń sọ̀rọ̀. Tí mo bá ti tan iná mọ́tò lálẹ́ báyìí, ó dákẹ́. Wọ́n ní kí n lọ ra òmíràn."

Mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ní, "Mà, tí ẹ bá yí ohùn ẹ̀ sókè lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Háà! Á máa kú, á máa jí."

Ibẹ̀ ni mo ti fura sí ẹ́ẹ̀tì, wáyà dúdú tó yẹ kó kan ara irin mọ́tò.

Mo fa rédíò náà yọ. Wáyà yẹ́lò, tó ń gba iná bátìrì tààrà kí rédíò má baà gbàgbé aago, ń gbé fólítì 12.6. Pupa, tó ń dúró de kọ́kọ́rọ́, kò lẹ́bi. Àfi dúdú. Ẹni tó ṣe é tẹ́lẹ̀ ti lọ so ó mọ́ wáyà tó ń tan àwọn gílóòbù kéékèèké inú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Mi ò lè bú u tán. Tí iná mọ́tò bá wà ní pípa, mítà á ní ẹ́ẹ̀tì ni, torí inú gílóòbù wọ̀nyẹn ló ń gbà kan ara irin. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró ni. Rédíò tó ń pariwo ò lè ráyè níbẹ̀. Tí Alájà bá wá tanná, ẹ́ẹ̀tì ọ̀hún á di iná. Iná níwájú, iná lẹ́yìn: kí ni kí rédíò ṣe?

Mo já a, mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà kúrò lára irin títí ó fi ń dán, mo sì fi nọ́ọ̀tì de wáyà dúdú mọ́ ọn. Ọmọ iṣẹ́ mi tanná, ó yí ohùn sókè, gbogbo àdúgbò gbọ́.

"Kí lo pààrọ̀?" Alájà bi mí.

"Mi ò pààrọ̀ nǹkan kan, mà."

"O ò pààrọ̀ nǹkan kan, o wá fẹ́ gbowó?"