Èlùbọ́ Ni Aṣálẹ̀, Kì í Ṣe Gàrí

Ọmọ mi àbíkẹ́yìn ló kọ́kọ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi. Mo ti fi oṣù méjì gbáko to ọkọ̀ ológun kékeré kan pọ̀, mo kùn ún, mo gbé e sórí pákó tí mo fi gọ́ọ̀mù àwọn káfíńtà lẹ yanrìn mọ́, mo wá gbé gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì pálọ̀ kí àwọn ará ilé wá wòran. Ìyá wọn ní ó dára. Ọmọ mi ọkùnrin ní ó dà bíi ti inú fíìmù. Àbíkẹ́yìn, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, fi àgbọ̀n lé etí tábìlì, ó wò ó títí, ó ní: "Dádì, kí ló dé tí mọ́tò yìí fi páàkì sórí gàrí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún kò dénú. Gàrí ni lóòótọ́. Kì í tilẹ̀ ṣe ti Ìjẹ̀bú tó kúnná, gàrí wóróworo ni.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìdá kan nínú 35 ni ìwọ̀n tí a fi ń ṣe irú ọkọ̀ yìí: ohun tó bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 35 lójú ayé, sẹ̀ǹtímítà 1 péré ni lọ́wọ́ wa. Hóró yanrìn aṣálẹ̀ sábà máa ń tó nǹkan bí ìdámẹ́rin mìlímítà. Bí mo bá wá bu yanrìn gidi sídìí ọkọ̀ náà, hóró kọ̀ọ̀kan á tó mìlímítà 9 lójú ológun kékeré tó dúró tì í. Òkúta wẹ́wẹ́ nìyẹn. Yanrìn odò tí àwọn bíríkìlà ń lò, èyí tí mo lọ bù, tún wá tóbi ju ti aṣálẹ̀ lọ.

(Ẹ má bi mí ìdí tó fi jẹ́ 35. Ilé iṣẹ́ Tamiya, ní Shizuoka ní Japan, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe táǹkì Panther ti àwọn ará Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n fẹ́ kí ẹ̀ńjìnnì oníná kékeré àti bátìrì gba inú rẹ̀ kó lè máa rìn. Àyè tí bátìrì gbà ni wọ́n fi mọ bí ọkọ̀ ṣe máa tóbi tó. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ṣe é tán ni wọ́n wọ̀n ọ́n, tí wọ́n rí i pé ó bọ́ sí nǹkan bí ìdá kan nínú 35. Àwọn yòókù tẹ̀lé wọn. Nítorí bátìrì ni mo ṣe ń pín gbogbo nǹkan sí ọ̀nà 35 títí dòní.)

Iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá ni mo fi ń jẹun níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti àárọ̀ dalẹ́, POP ni mo ń pò, irinṣẹ́ tín-ín-rín ló wà lọ́wọ́ mi, ojú mi sì ti mọ ohun tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tó ń gbẹ́ eyín kò yẹ kó ṣi hóró yanrìn wọ̀n. Ohun tó ṣì mí lọ́nà ni pé mo gbà pé ohun gidi kò lè purọ́. Yanrìn ni mo fẹ́ ṣe, yanrìn ni mo lọ bù.

Mo ṣẹ́ ọkọ̀ náà kúrò lórí pákó, mo da gàrí mi nù, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ ọ̀hún tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fẹ́ràn táǹkì, èmi kì í rí nǹkan wò lára táǹkì. Irin tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí ni. Tèmi jẹ́ Chevrolet, akẹ́rù tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀, irú èyí tí àwọn Long Range Desert Group, ẹ̀ka kan nínú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, fi la aṣálẹ̀ Líbíà já nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n yọ òrùlé iwájú rẹ̀, wọ́n yọ gíláàsì iwájú. Gbogbo ẹrù rẹ̀ ló wà níta gbangba bíi ti bọ́lẹ̀kájà lọ́jọ́ ọjà: garawa epo, garawa omi, kùbùsù, àpótí ọta, ìbọn tí wọ́n faṣọ wé nítorí yanrìn. Kò gùn ju bírò ìkọ̀wé lọ lọ́wọ́ mi, àmọ́ mo lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko di ẹrù rẹ̀.

Ralph Bagnold ni ọ̀gá tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Íjíbítì lọ́dún 1940. Kí ogun tó dé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa wa ọkọ̀ Ford wọ inú aṣálẹ̀ lọ nígbà ìsinmi. Nígbà tó padà sí London, ó kan àpótí gígùn kan tó ń gba inú rẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ lu yanrìn, kó lè fojú ara rẹ̀ rí bí yanrìn ṣe ń rìn. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀, The Physics of Blown Sand and Desert Dunes, jáde ní 1941, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti padà wà lẹ́nu ogun lórí yanrìn kan náà. Sheperd Paine, ará Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè lọ́gàá, kọ ìwé tiẹ̀ lórí bí a ṣe ń ṣe dàyórámà (ìran kékeré tí a tò sórí pákó, irú tèmi yìí) ní 1980, ìwé dáadáa ni. Síbẹ̀, bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan, ti Bagnold ni màá mú, pẹ̀lú gbogbo ìṣirò tó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Yanrìn kì í fò bí eruku. Hóró kan á ta sókè, á balẹ̀, á ta òmíràn, ìyẹn náà á balẹ̀, á tún ta òmíràn. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n ga ju èjìká ènìyàn lọ. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni yanrìn ti ń ha ọ̀dà: bọ́ńpà, etí pátákó ìtẹ̀sẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà. Ibẹ̀ ni irin ti gbọ́dọ̀ máa dán. Eruku ní tirẹ̀, ibi tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ ló ń bà sí: orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, orí kùbùsù, àtẹ́lẹ̀ ọkọ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kò dé. Ẹni tí kò mọ èyí á da eruku bo ọkọ̀ láti òkè délẹ̀ bí ẹran tí wọ́n fẹ́ sun ní súyà.

Tàbí kó fi ọ̀dà pupa ìpẹtà kùn ún yí ká. Ibo ni omi wà ní aṣálẹ̀ tí irin á fi dógùn-ún láàárín oṣù mẹ́ta? Ẹni tó bá ti rí irú Chevrolet kan náà tó wà lọ́wọ́ Imperial War Museum ní London lè bá mi jiyàn, nítorí ìyẹn ti pọ́n bí òrùlé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n inú aṣálẹ̀ Líbíà ni wọ́n pa á tì sí fún nǹkan bí ogójì ọdún kí wọ́n tó lọ gbé e. Tèmi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Iṣẹ́ wo ló wá ń ṣe? Mo ti rí dàyórámà tí ọkọ̀ ń sáré nínú rẹ̀, tí wọ́n fi òwú ṣe eruku sẹ́yìn táyà. Òwú ni mo máa ń rí. Ohun tó dúró sójú kan lórí tábìlì kò gbọdọ̀ máa díbọ́n eré sísá. Mo wá ìṣẹ́jú kan tí ọkọ̀ gidi náà dúró jẹ́ẹ́, mo sì rí i lára agolo kan.

Agolo ọ̀hún wà lórí pátákó ìtẹ̀sẹ̀, rọ́bà kan sì so ó mọ́ rédíétọ̀. Nínú ọkọ̀ tí kò ní in, bí omi rédíétọ̀ bá hó, ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn, omi sì lẹ̀mí lọ́hùn-ún. Nínú ọkọ̀ àwọn Bagnold, ooru omi náà á gba inú rọ́bà lọ sínú agolo tí omi tútù díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, á sì di omi padà. Bí ti inú agolo náà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, awakọ̀ á yí iwájú ọkọ̀ kojú afẹ́fẹ́, á dúró. Bí ẹ̀ńjìnnì bá ṣe ń tutù, rédíétọ̀ á máa fa omi rẹ̀ padà láti inú agolo, títí tí á fi fà á tán. Ìṣẹ́jú tí wọ́n ń retí yẹn ni mo mú. Ọ̀kan nínú àwọn ológun kékeré mi méjèèjì tẹ́tí sí agolo. Èkejì ń se tíì: ó gé garawa epo sí méjì, ó bu yanrìn sí i, ó da pẹtiróòlù lé yanrìn náà, ó ṣáná sí i, ààrò ti dé. Bébà fàdákà inú páálí sìgá ni mo fi ṣe garawa náà. N kì í mu sìgá. Ọwọ́ awakọ̀ taksí kan ní ìta wa ni mo ti ń gbà á.

Bí ọkọ̀ ti kojú afẹ́fẹ́ báyìí, ó tán. Gbogbo nǹkan yòókù gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo yẹn. Etí ìborùn ẹni tó ń se tíì gbọ́dọ̀ fẹ́ sẹ́yìn. Òkìtì yanrìn gbọ́dọ̀ rọra gòkè láti apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kó sì dà wálẹ̀ gọ́lọ́ lódì kejì ní nǹkan bí dígírì 34, nítorí bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yanrìn á ya lulẹ̀. Fóòmù funfun tí wọ́n fi di tẹlifíṣọ̀n wa sínú páálí ni mo gbẹ́ ṣe òkìtì náà, ohun tí àwọn ọmọ fi ń wọn igun ní kíláàsì ìṣirò ni mo sì fi wọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fà sójú yanrìn, tí ọ̀kan sábà máa ń jìnnà sí èkejì ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10, di mìlímítà 3 lọ́wọ́ mi. Mo fi òòyà àtijọ́ kan tí mo yọ eyín rẹ̀ ní ọ̀kan fò ọ̀kan fà wọ́n, ní ìbú, kí afẹ́fẹ́ lè gbá wọn láyà.

POP ni awọ ojú rẹ̀, ó fẹ́lẹ́, mo po gọ́ọ̀mù funfun díẹ̀ mọ́ ọn kó má baà sán, mo sì ti da ọ̀dà sí i nínú àwo, torí bó bá ṣẹ́ lọ́la, funfun kò gbọdọ̀ yọ. Ibi tí ọwọ́ eyín ti wúlò rèé. Bí POP bá ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀, ojú rẹ̀ á máa dán bí omi. Ìṣẹ́jú kan ń bọ̀ tí dídán yẹn á ṣàdédé pa. Kó tó pa, táyà á rì, POP á sì fà mọ́ ọn. Bó bá ti pa pẹ́, táyà kò ní fi ojú sílẹ̀. Ìgbà tó pa gan-an ni kí ẹ yí táyà gba orí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, dídán náà ń pa lọ, mo gbé ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, mo rọ òòyà lọ́wọ́ òsì, ni iná bá lọ. Kí n tó rí tọ́ọ̀ṣì, àsìkò ti kọjá. Mo ha gbogbo rẹ̀ dànù. Láti ìgbà náà, ọ̀sán Sátidé nìkan ni mo ń po POP.

Táyà fúnra rẹ̀, mo fi sáńpépà ha ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ, torí wọ́n a máa jin afẹ́fẹ́ táyà bí wọ́n bá fẹ́ wọ yanrìn rírọ̀. Táyà tó yí róbótó lórí yanrìn, àkàrà lórí tábìlì ni.

Ó wá ku yanrìn. Mo lọ ṣọ́ọ̀kì àwọn olùkọ́, ó kúnná, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ kò ní ẹ̀mí. Mo lọ bíríkì àtijọ́, ó pupa jù. Oṣù Kejìlá dé, ọyẹ́ mú, ètè gbogbo ayé là, ìyá wọn sì ń fi aṣọ nu gíláàsì lúfà ní gbogbo àárọ̀, ó ń kùn. Mo wo aṣọ tó mú lọ́wọ́. Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ aṣọ yẹn."

Eruku tó ń bà lé wa lójú fèrèsé nígbà ọyẹ́, aṣálẹ̀ ló ti ń bọ̀. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, kòtò ńlá kan tó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún omi kíkàmàmà láyé àtijọ́. Afẹ́fẹ́ ti jọ̀ ọ́ láti ọ̀nà jíjìn kó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Hóró wúwo ti jábọ́ lọ́nà, èyí tó fúyẹ́ jù ló kù. Ó kúnná ju èlùbọ́ tí ìyá mi ń jọ̀ fún àlejò lọ. Ohun tí mo ń lọ, tí mo ń kùn, Sàhárà ti ń gbé e wá fún mi lọ́dọọdún, a sì ń fi omi àti ọṣẹ lé e jáde. Mo mọ̀ pé Chad kì í ṣe Líbíà. Àmọ́ àwọn ọmọ ogun Faransé láti Chad bá ẹgbẹ́ Bagnold lọ kọlu Murzuk ní oṣù Kìn-ín-ní 1941, nítorí náà eruku Chad ní ẹ̀tọ́ láti wà lórí ọkọ̀ yìí.

Oṣù méjì ni mo fi kó ìdajì ife tíì. Mo fi sítókìnní ìyá wọn jọ̀ ọ́ (ìyẹn tún dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀), mo po ṣọ́ọ̀kì yẹ́lò díẹ̀ mọ́ ọn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n sórí POP, mo wá kán sípírítì sí i kó lè dì mú. Mo fi èyí tó kù sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ ọdún méje ọjọ́sí ti pé méjìlá. Mo pè é kó wá wò ó, n kò sì sọ nǹkan kan. Ó tún fi àgbọ̀n lé etí tábìlì, ó ní láti tẹ̀ ba báyìí kó tó lè ṣe é. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ìka ìfábẹ̀là, kí n tó sọ pé rárá, ó ti fi tẹ yanrìn lẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé ìka náà sójú iná, ó fi àtàǹpàkò rá a wò. "Ó kúnná o, Dádì."

Ojú ìka rẹ̀ wà níbẹ̀, ó jìn bíi kòtò tí bọ́ǹbù gbẹ́. Eruku tí n bá fi dí i ti tán. Mo ti gbé àwo kan sójú fèrèsé yàrá, mo ń retí oṣù Kejìlá, ìyá wọn sì ti ṣèlérí pé òun kò ní nu ojú fèrèsé yẹn.