Kíkan, Iyọ̀ àti Híhó: Àyẹ̀wò Èdè Kẹ́mísìrì ní Yorùbá

Ní 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà, lábẹ́ ìdarí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Láti ìgbà náà, a kò tún ní í bi ara wa mọ́ bóyá Yorùbá lè gbé sáyẹ́ǹsì. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, irú Yorùbá wo? Ọmọ Ìlàjẹ etí òkun, láti Ìgbọ́kọ̀dá dé Ayétòrò, ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Èkíní ni kíkan. Àwọn kan a máa pe ásíìdì ní omi kíkan, wọn a sì pe béèsì ní omi kíkorò. Wọ́n lè sọ pé láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí kíkan ni orúkọ ásíìdì fúnra rẹ̀ ti wá. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti kúrò lórí ahọ́n. Ní 1923 ni Brønsted àti Lowry fi ìfúnni àti ìgbà ṣe òṣùwọ̀n: ásíìdì ń fúnni ní pírótọ́ọ̀nù, béèsì ń gbà á. Ewúro korò, síbẹ̀ kì í ṣe béèsì ni a fi ń pè é. Omi inú bátìrì jẹ́ ásíìdì. Ta ni yóò tọ́ ọ wò? Ìtumọ̀ tí ó lè ba ọmọ lẹ́nu jẹ́ kò yẹ ní ìwé.

Èkejì ni iyọ̀. Bí ásíìdì àti béèsì bá pàdé, wọn a pa agbára ara wọn, iyọ̀ àti omi ni yóò sì kù. Bí ọmọ etí òkun bá gbọ́ èyí, iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí a bá po ásíìdì inú bátìrì mọ́ copper oxide, iyọ̀ tí a ó rí jẹ́ aláwọ̀ búlúù, májèlé sì ni. Kí òǹkọ̀wé ṣàlàyé pé iyọ̀ jẹ́ orúkọ ìdílé, iyọ̀ ọbẹ̀ kàn jẹ́ ọmọ kan nínú rẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, tí ó ṣòro jù, ni híhó. Da omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí kán-ún: yóò hó, nítorí kábónéètì wà nínú rẹ̀. Ìkarahun ìṣáwùrú tí a lọ̀ yóò hó pẹ̀lú; iyanrìn funfun Ìgbọ́kọ̀dá kò ní í hó, nítorí sílíkà ni. Ṣùgbọ́n omi orí iná náà ń hó! Ògùrọ̀ ni ó yẹ kí a fi ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún ọmọ Ìlàjẹ: ó ń hó láìsí iná, carbon dioxide tí ń jáde lára kán-ún náà ni ó sì ń jáde nínú rẹ̀.

Ibí ni atúmọ̀ aláìfarabalẹ̀ ti lè ṣìnà. Orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ọsàn wẹ́wẹ́ àti ìkarahun sísun. Bí ó bá kọ omi ọsàn wẹ́wẹ́ níbi tí ó yẹ kí ó kọ omi ìkarahun sísun, ásíìdì ni ó fi rọ́pò béèsì, omi tí ó yẹ kí gáàsì náà sọ di funfun bí wàrà kò sì ní í yí padà láéláé.

Nítorí náà, kí ẹni tí yóò túmọ̀ ìwé kẹ́mísìrì kọ́kọ́ da nǹkan náà pọ̀ kí ó tó dá orúkọ fún un. Ìwé atúmọ̀ èdè nìkan kò tó.