Ìdáhùn Tó Ṣáájú Ìbéèrè: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Iléeṣẹ́ Barry àti Enright

Nígbà tí ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn gbòde lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà láti ọdún 1955, iléeṣẹ́ Jack Barry àti Dan Enright wà lára àwọn tó lókìkí jù. Barry ni atọ́kùn tí òǹwòran ń rí. Enright ni ó ń ṣètò lábẹ́nú. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni irú irọ́ tí iléeṣẹ́ náà pa gan-an.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1956 ni ètò wọn, Twenty-One, bẹ̀rẹ̀ lórí NBC. Ìdíje tòótọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ṣùgbọ́n àwọn olùdíje ṣi ìdáhùn títí ó fi sú ènìyàn, inú sì bí onígbọ̀wọ́ ètò náà. Láti ìgbà náà ni Enright ti ń fún olùdíje ní ìdáhùn ṣáájú. Ó kọ́ Herbert Stempel bí yóò ṣe máa nu òógùn ojú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, Stempel mọ̀ pé Marty ni fíìmù tí wọ́n béèrè, síbẹ̀ ó dárúkọ òmíràn, kí Charles Van Doren, olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia, lè borí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé mímọ ìdáhùn ṣáájú ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Èrò tiwa yàtọ̀. Bí a bá ń pa àlọ́ àpamọ̀, ó wọ́pọ̀ kí gbogbo agbo ti mọ ìdáhùn, síbẹ̀ a kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí pé àdéhùn eré náà hàn sí gbogbo wa. Yàrá onígíláàsì tí Barry ti olùdíje mọ́, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò lè ta á lólobó, ni irọ́ náà gan-an.

Ní ọdún 1957, NBC ra àwọn ètò wọn ní owó tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Nígbà tí Van Doren jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1959, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 1960 ni òfin tó ka irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ti Barry, The Joker's Wild sọ ọ́ di gbajúgbajà padà ní ọdún 1972; Enright náà sì tún dara pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ará ìlú ní nínú olùkọ́ ni wọ́n fi ṣòwò. Olùkọ́ ló sì san gbèsè tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.