Bí Kàkó Bá Pàdé Superman

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọdé kì í yéé bi ara wọn: bí lágbájá bá pàdé làkásègbè, ta ni yóò borí? Wọ́n ń bi í nínú ọkọ̀ ilé-ìwé, wọ́n ń bi í lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n sì ń bi í lórí ẹní nígbà tó yẹ kí wọ́n ti sùn. Àgbàlagbà tó bá gbọ́ ọ yóò ní kí wọ́n lọ ka ìwé wọn. Èrò tèmi ni pé ìwé gan-an ni wọ́n ń kà nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa, tí kò kàn fẹ́ pariwo bo ẹnì kejì mọ́lẹ̀, ní láti mọ ohun tí ìtàn kọ̀ọ̀kan dúró lé lórí. Kí ló ń fún akọni yìí lágbára? Kí ló ń bà á lẹ́rù? Irú ikú wo ni wọ́n ń kú níbi tó ti wá? Iṣẹ́ lámèyítọ́ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni pé kí n mú òfin tí a fi ń ṣeré nílé wa, kí n sì fi yẹ iṣẹ́ àwọn àgbà kan wò, àwọn tó ń gba owó lórí irú eré kan náà.

Ìbàdàn ni ilé wa wà, ìparí àwọn ọdún 1990 ni mo sì ń sọ. Àwa mẹ́ta la máa ń ṣeré: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, èmi, àti àbúrò wa obìnrin. Páálí ọṣẹ kan ni ilé àwọn akọni wa. Power Ranger pupa kan wà níbẹ̀ tí apá rẹ̀ kan ti yọ. Ajìjàkadì oníke kan wà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Superman kékeré kan wà tí aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, pẹ̀lú sójà aláwọ̀ ewé mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn lẹ̀ mọ́ ìdúró wọn. Láàárín àwọn òkìrìkà ni ìyá wa ti ń ṣà wọ́n rà, láìsí páálí, láìsí ìwé tó sọ ìtàn wọn. Agolo sàdíìnì tí a fi sílípáàsì gé táyà fún ni mọ́tò wọn. Lẹ́yìn náà ni ọmọlangidi onígi kan tí Màmá Àgbà fún wa (kì í ṣe ère ìbejì o, ẹnikẹ́ni kì í fi ìyẹn ṣeré). Ẹ̀gbọ́n mi ń ka *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* nígbà náà, ó sì ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wa lálaalẹ́. Ó sọ ọmọlangidi náà ní Kàkó, a so igi ìṣáná mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹn di kùmọ̀ ẹkùn.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Hasbro gbé G.I. Joe jáde ní 1964, íńṣì 12 ni gíga rẹ̀. Àwọn akọni Star Wars tí Kenner bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1978 kò ju íńṣì 3¾ lọ. He-Man ti Mattel, tó dé ní 1982, wà láàárín àwọn méjèèjì. Bóyá wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí wọn kò fẹ́, ìwọ̀n di odi yí ìtàn kọ̀ọ̀kan ká: ẹni tí ibí yìí kò lè wọ mọ́tò ẹni tọ̀hún. Superman tiwa kò ga ju orókún Kàkó lọ. Àbúrò mi ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní Superman kò kéré rárá, ọ̀nà jíjìn ló ṣì wà, ó ń fò bọ̀. A bi í pé nígbà wo ni yóò wá dé. Ó ní bí ó bá fi máa dé, ìjà á ti tán. Mo ti wo fíìmù tí Toho ṣe ní Japan ní 1962, níbi tí King Kong ti bá Godzilla jà. Kong ti fíìmù 1933 kò tó ẹni tó lè wo Godzilla lójú, nítorí náà wọ́n kàn sọ ọ́ di ńlá, ó parí. Àlàyé àbúrò mi dára ju tiwọn lọ.

Òfin ilé wa kò ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀gbọ́n mi ló sì fi lélẹ̀: ẹni tó bá wọ inú ìtàn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gbé òfin ilé tirẹ̀ wá, kò sì gbọdọ̀ ṣa agbára tuntun he lójú ọ̀nà. Òfin yìí kúrú, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tó bí kò kúrú. Ní ọjọ́ kan, Kàkó fẹ́ gba iwájú ẹ̀rọ ńlá Power Ranger kọjá (agolo Bournvita ni ẹ̀rọ náà), ẹ̀gbọ́n mi sì ní ó ti lo àféẹ̀rí. Mo ní kò lè ṣiṣẹ́, ojú ẹ̀dá ni àféẹ̀rí ń dí, ojú ẹ̀rọ kì í ṣe ojú ẹ̀dá. Ó ní irọ́, àféẹ̀rí kì í dí ojú ẹnikẹ́ni, ara ẹni tó lò ó gan-an ni kì í sí níbẹ̀ mọ́ fún ẹni tó ń wò. Ọ̀rọ̀ di ariwo, a sì gbé e lọ bá Màmá Àgbà níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọn kò dá ẹnikẹ́ni láre. Wọ́n kàn bi wá pé: “Ta ló fún un ní oògùn náà? Kí sì ni èèwọ̀ rẹ̀?”

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bèèrè èèwọ̀ lọ́wọ́ gbogbo akọni tó bá wọ páálí wa. Superman ní tirẹ̀, òkúta kryptonite. Kàkó gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, nítorí oògùn ló gbé lọ́wọ́. Power Ranger ni a wá èèwọ̀ rẹ̀ títí tí a kò rí i, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ sú wa, láìka ẹwà aṣọ rẹ̀ sí. (Nígbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé àkópọ̀ ni òun fúnra rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó gbé e jáde ní 1993 mú àwòrán ìjà láti inú eré àwọn ará Japan kan, wọ́n sì fi òṣèré tiwọn sí ibi tí ojú ti hàn. Ẹni tó wọ aṣọ àwọ̀ ìyeyè jẹ́ ọkùnrin ní Japan, ó di obìnrin ní Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tí aṣọ tirẹ̀ kò fi ní síkẹ́ẹ̀tì bíi ti ẹnì kejì rẹ̀. Àbúrò mi ti ń bèèrè síkẹ́ẹ̀tì yẹn tipẹ́.)

Eré tó dùn jù lọ tí a ṣe rí ni ti gbètugbètu. Ohun tí a bá fi gbètugbètu pa láṣẹ ni ẹni tó gbọ́ ọ yóò ṣe. Mo ní èyí kò lè mú Superman, ó wà lójú òfuurufú, kò sí nítòsí. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé kì í ṣe Superman yìí náà ni etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun gbogbo lágbàáyé? Kàkó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú igbó, Superman sì gbọ́ ọ láti òkèèrè, ó sì jókòó sílẹ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe rí: agbára tó fi ń ṣe gààrù nílé rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹran ìjẹ nínú ìtàn ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tí mo ń wá nínú gbogbo iṣẹ́ tó bá kó akọni ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, ohun tí mo ń wá nìyẹn.

Ó ṣọ̀wọ́n. Ní 1976, DC àti Marvel, àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé alájàwòrán méjì tó ń bá ara wọn díje, pa owó pọ̀, wọ́n sì mú Superman àti Spider-Man pàdé. Ẹnikẹ́ni ló mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo tó fún Spider-Man ni. Àwọn òǹkọ̀wé náà mọ̀ ọ́n, nítorí náà wọ́n jẹ́ kí Lex Luthor ta ìtànṣán oòrùn pupa sí Spider-Man lára láìjẹ́ kó mọ̀, kó lè lu Superman kó sì dùn ún. Apá kan ọkàn mi gba èyí wọlé, nítorí pé òfin ilé Superman ni wọ́n lò: oòrùn pupa ni ó ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ìbá ti fọn fèrè. Spider-Man ṣa agbára he lójú ọ̀nà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò sì fara sin, kí ojú má ti ilé-iṣẹ́ kankan ni.

*Toy Story*, tí Pixar ṣe ní 1995, súnmọ́ ilé wa jù. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kan, Andy, tó kó ohun ìṣeré rẹ̀ jọ: ọ̀dùnkún oníke di adigunjalè, ajá tó ní sípíríǹgì nínú di ajá tí ohunkóhun kò lè ran, ni dáínásọ̀ bá yọ, ó sì jẹ́ irú dáínásọ̀ tó ń jẹ irú ajá yẹn. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i pé Andy nìkan ló ń ṣeré. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé ó ti rú òfin. Àbúrò rẹ̀ wà nílé, bẹ́ẹ̀dì àbúrò náà ni ó sì sọ di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Fíìmù náà ka eré sí ohun tó dùn nítorí pé ohun tó bá wu ọmọ ló lè ṣe. Nílé tiwa, ó dùn nítorí pé a kò lè ṣe ohun tó wù wá.

Sid ni mo fẹ́ gbèjà díẹ̀, ọmọ tí fíìmù náà fi ṣe ìkà. Ó ń já ohun ìṣeré, ó ń fi orí ọmọlangidi sórí ẹsẹ̀ irin bíi ti aláǹtakùn. Mo gbà pé ó le koko. Ṣùgbọ́n nígbà tí apá Buzz yọ, àwọn ẹ̀dá alápapọ̀ inú yàrá Sid yìí ló tò ó padà, àwọn ló sì ṣe iṣẹ́ ìdáǹdè nígbẹ̀yìn. Àwọn tó ṣe fíìmù náà mọ ohun tí àkópọ̀ lè ṣe. Ẹni tó kó wọn pọ̀ ni wọn kò fẹ́ yìn.

Ọ̀rọ̀ ikú wá kù. Ní ọdún tó tẹ̀lé ti àféẹ̀rí ni Màmá Àgbà papò dà. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ilé ti rọlẹ̀, àbúrò mi gbé páálí jáde. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí Superman lọ mú wọn wá.” Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, “Kò lè débẹ̀. Ojú ọ̀run ló ń fò dé, kì í ṣe ọ̀run.” Àbúrò mi sunkún. Ó rọrùn kí ẹ̀gbọ́n mi gbà fún un, èmi ìbá gbà. Nígbà tí ẹkún lọ sílẹ̀, àbúrò mi bèèrè bóyá a lè ránṣẹ́ sí wọn. Èyí bófin mu, nítorí a ti gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń rán òkú níṣẹ́ sí àwọn tó ṣáájú. Sójà kan kú nínú ogun ọjọ́ náà. Àbúrò mi sọ ọ̀rọ̀ sí i létí, a kò bi í ohun tó sọ, a sì sin sójà náà sí ẹ̀yìn ilé lábẹ́ igi ọsàn. Mẹ́ta péré ni sójà wa láti ìgbà náà.

Ní oṣù kọkànlá 1992, DC pa Superman. Wọ́n fi gbogbo ayé ṣọ̀fọ̀, ìwé náà sì tà gan-an. Kí 1993 tó parí, ó ti padà. Mo ka ìtàn náà nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mi ò sì lè bá wọn ṣọ̀fọ̀, nítorí mo ti mọ ohun tí sójà íńṣì méjì kan ṣe tí wọn kò lè ṣe.

Àwọn òbí kan máa ń ní ẹ̀rọ òyìnbó àti iwin kò yẹ kí wọ́n jọ wà nínú eré kan, pé ó ń da ọmọ lórí rú. Kí wọ́n bi Amos Tútùọlá. Ní 1954 ló gbé iwin tí tẹlifíṣọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kò tíì dé Ìbàdàn títí di 1959. Fágúnwà ṣáájú rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1938, kí Àkàrà-Ògùn tó lọ sí Òkè Láńgbòdó, ó kó àwọn ẹni bíi Kàkó, Imọ̀dòye, Ọlọ́hùn-Iyọ̀ àti Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-Ọdẹ jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ìtàn tirẹ̀ tó tó ìwé kan. Ohun tí mo fi fẹ́ràn Fágúnwà ju àwọn onífíìmù lọ ni pé kò jẹ́ kí akọni fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ibì kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń fò bó bá ń sọ ìtàn fún wa. Nígbà tí àbúrò mi lè ka ìwé náà fúnra rẹ̀, ó kà á débẹ̀: bí ìyàwó tí Kàkó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe dì mọ́ ọn pé kó má lọ, àti bí Kàkó ṣe pa á kó lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó wá bá wa nínú yàrá, ó yọ igi ìṣáná kúrò lọ́wọ́ ọmọlangidi náà. Ó ní Kàkó ṣì lè máa bá wọn lọ, ṣùgbọ́n kò ní síwájú mọ́, kò sì ní gba ẹnikẹ́ni là. Ẹ̀gbọ́n mi kò jiyàn. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ni Kàkó ń tọ̀, ó ń ru ẹrù, Superman sì ń bi í lójoojúmọ́ pé kí ló dé tí kì í sọ̀rọ̀.