Bọ́tìnnì Tó Dùn Ún Tẹ̀, Lẹ́tà Tí Kò Pé

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ fóònù mu ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ní ọdún 2009, Research In Motion, ilé-iṣẹ́ Kánádà tó ń ṣe BlackBerry, gbé fóònù kan jáde fún àwọn tí àpò wọn kò gba èyí tó wọ́n. Orúkọ rẹ̀ ni BlackBerry Curve 8520. Ní Nàìjíríà, òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi mọ BlackBerry. Ẹni tó bá wà ní yunifásítì ní nǹkan bí ọdún 2011 yóò rántí pé kì í ṣe nọ́ńbà fóònù nìkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn nígbà náà. Wọ́n ń béèrè píìn, ìyẹn àmì mẹ́jọ tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí BBM, kí wọ́n lè máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn.

Fóònù yìí kò sí lórí àtẹ mọ́. Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣe lámèyítọ́ rẹ̀, nítorí ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é ni wọ́n ṣì fi ń ṣe fóònù olówó pọ́ọ́kú tí àwọn òbí ń rà fún ọmọ lónìí. Ẹni tó fẹ́ ta nǹkan ní ẹ̀dínwó gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti béèrè ohun tí wọ́n yọ, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, àti ẹni tí yíyọ náà yóò dùn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi lo ọ̀kan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò ní kí a dijú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n yọ. BlackBerry Bold 9000, tó jáde ní 2008, ni ẹ̀gbọ́n tí a lè fi wé Curve yìí. Ojú Bold ní píkísẹ́ẹ̀lì 480 níbùú àti 320 lóòró. Ti Curve jẹ́ 320 níbùú àti 240 lóòró, gbogbo ojú náà kò sì ju íǹṣì 2.46 lọ láti igun dé igun. Bold ń lo nẹ́tíwọọ̀kì 3G. Curve kò kọjá EDGE, ìyẹn 2G. Bold ní GPS tó ń sọ ibi tí ènìyàn wà. Curve kò ní. Kámẹ́rà àwọn méjèèjì jẹ́ mẹ́gápíkísẹ́ẹ̀lì 2, ṣùgbọ́n iná wà lára ti Bold, kò sí lára ti Curve.

Ní tèmi, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n yọ yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí kò ní GPS lè béèrè ọ̀nà. Abèèrè kì í ṣìnà. Àwòrán alẹ́ kò ṣeé yà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ọ̀sán dára tó fún ojú fóònù kékeré. Àìsí 3G ló le jù. Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tó kún fún àwòrán máa ń fà bí ìgbín. Àmọ́ Wi-Fi wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá rí i lò, ọ̀rọ̀ kíkọ kò sì wúwo. Ọ̀nà tóóró tó ohun tí ọ̀rọ̀ lè gbà kọjá.

Nǹkan kan tún wà tí a kì í sábà kà mọ́ ọn. Àwọn ohun tí wọ́n yọ náà ran bátìrì lọ́wọ́. Ojú kékeré àti nẹ́tíwọọ̀kì 2G kì í jẹ iná púpọ̀. Bátìrì Curve kò ju 1150 mAh lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń bá ni dé alẹ́. Ó sì ṣeé yọ. Ní ilé tí iná mọ̀nàmọ́ná kì í dúró, ẹni tó ní bátìrì méjì lè yọ èyí tó ti kú, kó sì ki èkejì bọ̀ ọ́, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Fóònù òde òní tí a lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa kò fún ni ní irú ànfààní bẹ́ẹ̀.

Ó kan ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, ìyẹn bọ́tìnnì. Níhìn-ín ni mo ti gbé òṣùbà fún àwọn tó ṣe é. Bọ́tìnnì 35 ló wà lójú Curve, iná sì wà lábẹ́ wọn fún òkùnkùn. Àlàfo wà láàrin ọ̀kan àti èkejì, orí wọn sì yọ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé àtàǹpàkò mọ ibi tí lẹ́tà kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tẹ àlàfo lẹ́ẹ̀mejì, ó fi àmì ìdánudúró sí i fúnra rẹ̀, ó sì sọ lẹ́tà tó kàn di ńlá. Bí a bá di lẹ́tà kan mú, ó di lẹ́tà ńlá. Nínú àpótí ìfiráńṣẹ́, t gbé ni lọ sí òkè pátápátá, b sì gbé ni lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ àwọn ọ̀nà àbùjá yìí kì í wo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó bá ń kọ̀wé.

Ohun tó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni pé fóònù olówó kékeré yìí gba ohun tuntun kan kí àwọn àgbà rẹ̀ tó gbà á. Àwọn BlackBerry tó ṣáájú ní bọ́ọ̀lù kékeré láàrin, tí a fi ń rìn káàkiri ojú fóònù. Ìdọ̀tí máa ń wọ inú bọ́ọ̀lù náà, a sì lè máa yí i láìlọ síbi kan. Curve 8520 ni BlackBerry àkọ́kọ́ tó fi pátákó kékeré tí a ń fi ìka rá rọ́pò rẹ̀. Wọ́n yọ ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọwọ́ kúrò nínú ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ìpinnu tó dára nìyẹn: kí a mọ ohun tí ènìyàn torí rẹ̀ ra nǹkan, kí a má sì fọwọ́ kàn án.

Èso rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn kọ̀wé. Lórí fóònù onínọ́ńbà, tí a ń tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́ẹ̀mẹta kí c tó jáde, ọ̀rọ̀ máa ń kúrú. Lórí Curve, ọ̀rọ̀ gùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ, ọ̀rẹ́ ń fi rojọ́ fún ọ̀rẹ́ láti alẹ́ títí di ìdájí.

Kì í ṣe pé fóònù náà kò ní àléébù ńlá. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àléébù àkọ́kọ́ ni pé owó tí a fi rà á kọ́ ni gbogbo owó rẹ̀. Kí BBM àti lẹ́tà orí afẹ́fẹ́ tó ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, a ní láti máa san owó ètò pàtàkì tó jẹ́ ti BlackBerry nìkan lóṣooṣù, nítorí pé ọ̀rọ̀ wa ń gba inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà kọjá. Ní oṣù kẹwàá 2011, ẹ̀rọ wọn dákú fún ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù, Áfíríkà àti Íńdíà kò sì rí ọ̀rọ̀ fi ránṣẹ́ lórí BBM. Wọ́n ti BBM tí gbogbo ayé ń lò pa ní ọjọ́ 31, oṣù karùn-ún 2019. Nígbà tó di ọjọ́ 4, oṣù kìíní 2022, wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ tó ń gbé irú àwọn fóònù wọ̀nyí ró dúró, kò sì dáni lójú mọ́ pé ìpè pàápàá yóò lọ. Bọ́tìnnì rẹ̀ lè ṣì dán síbẹ̀. Ẹlòmíràn ló mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Àléébù kejì ni ó ká mi lára jù, kò sì sí nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi ń pòwò fóònù. Ẹ ka àwọn lẹ́tà ojú bọ́tìnnì yẹn. Lẹ́tà 26 ti Gẹ̀ẹ́sì ló wà níbẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní lẹ́tà 25. Márùn-ún nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn c, q, v, x àti z, ni Yorùbá kò lò rárá. Wọ́n jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò ní iṣẹ́ kankan nínú ilé. Mẹ́rin nínú ti Yorùbá ni kò sí níbẹ̀: ẹ, gb, ọ àti ṣ. Gb kò fa wàhálà, nítorí g àti b wà. Ẹ, ọ àti ṣ ni kò ní ibùjókòó. Àmì ohùn sàn jù wọ́n lọ: bí a bá di e mú, tí a sì fi àtàǹpàkò rá pátákó kékeré náà, é àti è yóò yọ jú. Ṣùgbọ́n ta ló ní sùúrù láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọ̀rọ̀?

Ẹ wo gbólóhùn kékeré yìí: "Baba ra oko." Bí ó bá jẹ́ oko, ilẹ̀ tí a ń dá ni bàbá rà. Bí ó bá jẹ́ ọkọ́, irin tí a fi ń kọ ebè ni. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí a lọ bá wọn yọ̀. Ẹni tó wà nílé yóò fi ọgbọ́n orí mọ èyí tó jẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìyá àgbà rẹ̀ kọ́ Yorùbá, kò ní mọ̀.

Kí n má baà ṣe ojúsàájú, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti bọ́tìnnì nìkan. Lórí nẹ́tíwọọ̀kì GSM, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160 bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà nínú àkójọ tí wọ́n kọ́kọ́ yàn. Bí ẹ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yí sí ọ̀nà ìkọsílẹ̀ mìíràn, ó sì di 70. Ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́tà 100, tí ì bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ kan, yóò di méjì, owó méjì náà ni a ó san. Ẹni tó kọ Yorùbá dáadáa ni yóò sanwó jù. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ BlackBerry mọ̀ pé èdè yàtọ̀ síra. Wọ́n ṣe bọ́tìnnì tí ètò rẹ̀ bá èdè Faransé mu, wọ́n ṣe èyí tó bá ti Jámánì mu, wọ́n sì kọ lẹ́tà Lárúbáwá sí ojú òmíràn. Nígbà tí ọ̀dọ́ ilẹ̀ Yorùbá ń fi owó wọn ra Curve, bọ́tìnnì Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tà fún wọn, àwa náà kò sì béèrè.

Níbi yìí ni agbára fóònù náà àti àléébù rẹ̀ ti pàdé. Bí bọ́tìnnì ṣe dùn ún tẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá tí kò lámì ṣe pọ̀ tó. Ọwọ́ tó ti mọ́ lára láti kọ "ese" kò ní yà á sọ́tọ̀ mọ́ bóyá ẹsẹ̀ ni, tàbí ẹ̀ṣẹ̀, tàbí ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá tó ń máàkì ìwé ìdánwò ni ẹlẹ́rìí mi. Ohun tí a fi ṣe eré lórí fóònù ti di àṣà lórí tákàdá.

Fóònù aláfọwọ́tọ́ ti tún apá kan ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Nítorí pé àwòrán lásán ni bọ́tìnnì rẹ̀, a lè yí i padà. Gboard ti Google ní Yorùbá nínú àwọn èdè rẹ̀, kò sì gbani lówó. Ṣùgbọ́n òun náà ní tirẹ̀. Bí a bá fi sílẹ̀ sórí Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń tún ọ̀rọ̀ Yorùbá wa "ṣe" di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìbèèrè. 

Ìdájọ́ mi rèé. BlackBerry Curve 8520 jẹ́ fóònù tí wọ́n fi làákàyè dín owó rẹ̀ kù. Wọ́n yọ ohun tí ènìyàn lè fara dà, wọ́n sì fi èyí tó dára jù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ka èdè wa mọ́ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí a kò kà kò sì lè dun ẹni tó ń gé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra fóònù fún ọmọ, ẹ wo bátìrì, ẹ wo kámẹ́rà, ẹ dúnàá-dúrà dáadáa. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé fóònù náà fún ọmọ, kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Bí Ṣọlá bá jáde ní Sola, ẹ bi ẹni tó ń tà á bí a ṣe lè fi Yorùbá sí i. Bí òun kò bá mọ̀, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi han ọmọ náà ní kíláàsì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.