Gẹ̀ẹ́sì Inú Ìwé àti Ìgbésí Ayé Onípáànù

Ìwọ ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka ìwé yìí, bí o bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Onípáànù, ní òpópónà Ìkòròdú, láàárín Fádéyì àti Palmgrove, má ṣe tètè kọjá lọ sí Ṣómólú tàbí Bàrígà. Dúró díẹ̀, kí o sì fetí sílẹ̀. Agbèrò ń fi Yorùbá bá awakọ̀ jà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń ka owó. Ìyá tí ó ń ta búrẹ́dì ń fi Yorùbá ná ọjà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ sí ara ọ̀rá tí ó fi wé búrẹ́dì náà. Orúkọ ilé-ìtajà, orúkọ ìjọ, ìkìlọ̀ tí a kọ sí ara ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ̀ síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn. Orúkọ àdúgbò náà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí páànù tí a fi ń bo ilé, èyí tí a ń gbọ́ nínú orúkọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. A fi ohùn tiwa sí i, a fi "oní" tiwa ṣáájú rẹ̀, ó sì di ọmọ ilé.

Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ tó báyìí, ènìyàn ìbá rò pé kì yóò ṣòro fún ọmọ Onípáànù láti fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé ayé tiwa kò yẹ ní ohun tí a lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ. Jẹ́ kí á jọ yẹ ẹ̀sùn náà wò, kí á mọ ibi tí ẹ̀bi wà, kí á sì mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe.

Àròkọ kan wà tí mo kà rí, tí n kò lè gbàgbé. "Àdúgbò Tí Mo Ń Gbé" ni orí ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ fún wọn. Ọmọkùnrin tí ó kọ ọ́ ń gbé ní Ṣómólú, atẹ̀wé sì ni bàbá rẹ̀. Bí o bá mọ Ṣómólú, ìwọ yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni a fi mọ̀ ọ́n káàkiri Nàìjíríà. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé, níbẹ̀ ni a ti ń tẹ púpọ̀ nínú wọn. Ọmọ yìí ń sùn, ó sì ń jí sínú ariwo ẹ̀rọ. Òórùn tàdáwà kì í kúrò ní imú rẹ̀. Ó mọ bí a ti ń gé ìwé, ó mọ bí a ti ń tò ó, ó sì mọ bí oníbàárà ti í bẹ̀bẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé kí a jọ̀wọ́ bá òun parí ìwé ìgbéyàwó ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí ni ó kọ? Ó kọ pé òpópónà àwọn dákẹ́ rọ́rọ́, pé òdòdó wà ní iwájú ilé kọ̀ọ̀kan, àti pé ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ẹbí a máa jókòó yí iná ká kí òtútù má baà mú wọn. Gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù. Olùkọ́ kò rí ibi tí yóò fi tàdáwà pupa sí. Ṣùgbọ́n n kò rí ọmọ náà nínú àròkọ náà, n kò rí bàbá rẹ̀, n kò sì rí Ṣómólú.

Ta ni a ó dá lẹ́bi? Ìwé kíkà ni yóò kọ́kọ́ jẹ́jọ́. Láti 1859, nígbà tí àwọn ìjọ C.M.S. dá ilé-ìwé girama sílẹ̀ ní Èkó, ìwé tí ó ti Ìlú Ọba wá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún gbọọrọ. Yìnyín ń bọ́ nínú ìwé náà nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ lóde. Àwọn ọmọ inú ìwé ń mu tíì ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹni tí ó ń kà á ń dúró de ẹ̀bà. Bí ó ti wù kí ó rí, má ṣe jẹ́ kí á ṣe ojúsàájú. Ẹni tí ó kọ àwọn ìwé wọ̀nyẹn kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ìlú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ ní ọ̀nà tí ó mọ́ kedere. Ohun kan náà tí mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe ni òun ṣe. Àwa tí a há ojú tirẹ̀ sórí, tí a sì di ojú tiwa, ni ẹ̀bi náà wà lọ́rùn wa.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, àwọn ìwé náà ti yí padà tipẹ́tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, Phebean Ògúndípẹ̀, ọmọ Yorùbá tòótọ́, àti P. S. Tregidgo gbé *Practical English* jáde fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ilẹ̀ Áfíríkà. Obìnrin yìí fi hàn pé a lè fi ọjà wa, oko wa àti ilé wa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gún régé. Nítorí náà ìwé kò tún lè ru gbogbo ẹ̀bi náà mọ́. Lóde òní, fóònù ni ó gba ipò ìwé àtijọ́. Ọmọ tí kò kọjá Ojúẹlẹ́gba rí ń sọ̀rọ̀ gba imú bí ará Amẹ́ríkà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń wò nínú fóònù ti ń sọ ọ́. Àwọn àgbà wí pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣò. Ohùn àgbàbọ̀ kò sàn jù ú lọ.

Ohun kejì tí ó yẹ ní bíbáwí ni pé a kì í fi sùúrù fi èdè méjèèjì wé ara wọn. Bí a bá fẹ́ jáde díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àlejò, a máa ń wí pé "mo ń bọ̀", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ó padà. Bí o bá tú u ní olówuuru sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu yóò ya àlejò náà pé ẹni tí ó wí pé òun ń bọ̀ ni ó ń kọ ẹ̀yìn sí òun yìí. Àwa Yorùbá a máa gbọ́ òórùn bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò fi iṣẹ́ imú àti iṣẹ́ etí sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ọkùnrin ni, obìnrin ni, igi ni, "ó" ni a ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ti pẹ́ nílé ìwé fi lè fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin pe ìyá rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Òpè kọ́ ni. Èdè rẹ̀ ni kò kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ náà, ó sì yẹ kí ẹnìkan fi hàn án láìfi ṣe yẹ̀yẹ́.

Wo "pẹ̀lẹ́" pẹ̀lú. Bí àjèjì bá fi ẹsẹ̀ kọ lójú títì Onípáànù, ènìyàn mẹ́wàá ni yóò kí i ní "sọ́rì", bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó tì í nínú wọn. Ẹni tí ó ti Ìlú Ọba wá lè máa ronú pé kí ni àwọn wọ̀nyí ṣe tí wọ́n fi ń tọrọ àforíjì. Kò mọ̀ pé pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi aṣọ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀. Ní ìdà kejì, Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọmọdé àti àgbà. Nítorí èyí àwọn ọmọ kan rò pé ọ̀wọ̀ kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń fi í bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àṣìṣe ńlá ni. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀. Inú ohùn, inú oyè tí a fi ń pe ni, àti inú bí a ti í tọrọ nǹkan ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi tirẹ̀ sí.

O lè bi mí pé, "Ṣé kí n máa kọ danfó àti bùkà sínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ni?" Ní oṣù kìíní 2020, àwọn tí ó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford fi ọ̀rọ̀ Nàìjíríà bíi mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kún un, danfó, bùkà àti tòkunbọ̀ wà nínú wọn. Àwọn tí ó ni èdè ti ṣílẹ̀kùn fún danfó, ọmọ tí danfó ń gbé lọ sí ilé-ìwé ni ojú ń tì láti pè é lórúkọ. Kọ ọ́, kí o sì fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé. N kò wí pé kí o máa kọ Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti wù ọ́. Nígbà tí ìwé Amos Tutùọlá, *The Palm-Wine Drinkard*, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, àwọn òyìnbó kan yìn ín, ṣùgbọ́n ojú ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé nílé nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Lójú tèmi, ìwé náà borí ìtìjú wọn, nítorí ọkùnrin náà ní ohun tí ó fẹ́ sọ, ó sì sọ ọ́. Síbẹ̀, bí ìwọ tí kò ní ìtàn Tutùọlá bá kọ gírámà Tutùọlá níwájú olùdánwò, ìwọ yóò ká ohun tí o gbìn. Wo Wọlé Ṣóyínká: ó mọ Gẹ̀ẹ́sì débi tí ó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó jókòó tú *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ẹni tí ó lọ jìnnà jù lọ nínú èdè àjèjì kò fi ti ilé sílẹ̀.

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan ni mo ń sọ. Mo jókòó ní ọjọ́ kan ní ilé-ìwòsàn kan nígbà tí ọmọbìnrin kan mú ìyá rẹ̀ àgbà wá. Ọmọ náà ti gba ẹ̀bùn Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé rẹ̀. Dókítà kò gbọ́ Yorùbá. Ìyá náà wí pé, "Òòyì ń kọ́ mi, àyà mi ń lù kìkì, bí mo bá sì dìde, ojú mi a ṣókùnkùn." Ọmọ náà wo ìyá, ó wo dókítà, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán wí pé ara ìyá kò yá. Ohun mẹ́ta ni ìyá sọ. Dókítà kò gbọ́ ọ̀kan nínú wọn. Obìnrin tí ó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ni ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, tí ó wí pé, "Ẹ má bínú, Mọ́mì, ẹ tún un sọ." Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò gún tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú ẹsẹ̀ ni dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá, kò sì jẹ́ kí ó padà sílé ní ọjọ́ náà.

N kò dá ọmọbìnrin náà lẹ́bi tán. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọ́n kì í jẹ́ kí àwọn sọ Yorùbá nílé, àti pé owó ìtanràn ni ẹni tí ó bá sọ ọ́ ní ilé-ìwé ń san. Nítorí náà kò gbọ́ "òòyì" yé, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Èdè méjì ni a rò pé ó ní, ìdajì ìdajì ni ó ní.

Àwọn òbí tí ó ń fi Yorùbá du ọmọ wọn kò ní inú búburú. Wọ́n rò pé bí ti ilé bá dínkù, ti àjèjì yóò pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìdánrawò tí a ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, kò fi hàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ mìíràn. Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé ibẹ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ọ gbọ́ ohun tí ìyá rẹ àgbà ń sọ.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí o sì kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí o bá ń ti ilé-ìwé bọ̀ lónìí, wo ohun márùn-ún lójú ọ̀nà, kí o sọ wọ́n ní Yorùbá, kí o sì wá bí a ti lè sọ wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì tí àjèjì yóò fi mọ̀ wọ́n. Ní alẹ́, fetí sí àgbà kan nínú ilé, kí o sì gbìyànjú láti tú gbólóhùn rẹ̀ kan láìdín in kù. Nígbà tí olùkọ́ bá tún wí pé kí o kọ̀wé nípa àdúgbò rẹ, má ṣe gbin òdòdó sí ibi tí kò sí. Jẹ́ kí á gbọ́ ariwo ẹ̀rọ bàbá rẹ. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.