Ọmọ Ibo Ni Ọ́? Ẹ̀kọ́ Ọnà àti Àwọn Ọmọdé Ọbáfẹ́mi

Ẹni tí ó bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá pé "Ọmọ ibo ni ọ́?" kò béèrè ibi tí ọmọ náà ń sùn. Ìlú baba rẹ̀ ni ó ń béèrè. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbafò, tí ó ń lọ sí ilé-ìwé ní Mowe, tí ó sì mọ gbogbo ibi tí omi máa ń dí ọ̀nà nígbà òjò, yóò dáhùn pé Ìjẹ̀ṣà ni òun, tàbí Èkìtì, bí kò tilẹ̀ tíì dé ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní bébà, tí ó ní kí ó ya ìlú rẹ̀, ewo ni kí ó yà?

Ìbéèrè yìí wúwo ní agbègbè Ọbáfẹ́mi ju ibi púpọ̀ lọ. Ilẹ̀ oko àwọn Ẹ̀gbá ni ó jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba Ìfọ̀ kọjá, ó sì sọ ọ́ di ibi ìpàdé èrò. Òpópónà Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 ni ó wá ṣí Mowe àti Ìbafò sílẹ̀ fún àwọn tí apá wọn kò ká owó ilé ní Èkó mọ́. Kódà "ọmọ onílẹ̀", tí ó yẹ kí ó jẹ́ orúkọ iyì fún ẹni tí ó ní ibùgbé, ti yí padà níbẹ̀: lẹ́nu ẹni tí ń kọ́lé, ẹni tí ń wá gba owó ìpìlẹ̀ ni ó ń jẹ́.

Ìdáhùn tí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ àṣà ní ilé-ìwé máa ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: ahéré tí a fi koríko bò, igi ọ̀pẹ, akèrègbè, obìnrin tí ó ru ìkòkò omi. Ọmọ yóò yà á, yóò sì gba máàkì. Kò sí ohun tí ó burú nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gbé inú ahéré rí, àwọn òbí rẹ̀ náà sì lè má gbé inú rẹ̀ rí. Ohun tí ó yà kì í ṣe ìlú rẹ̀, kì í sì í ṣe ìlú baba rẹ̀. Àwòrán tí ẹlòmíràn ti yà ni ó tún yà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn rí, láàárín àwọn méjì tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ ọnà lélẹ̀ ní ilé-ìwé ilẹ̀ yìí. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Àìná Ọnàbólú sí ní ọdún 1882. Ó ti ń ya àwòrán ènìyàn dáadáa kí ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní London ní ọdún 1920. Nígbà tí ó padà dé, ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwọ̀n ara ènìyàn àti ọgbọ́n tí ó ń mú kí ohun ìtòsí tóbi kí ohun òkèèrè sì kéré lórí bébà. Òun náà wà lára àwọn tí ó rọ ìjọba láti wá olùkọ́ ọnà sí i. Kenneth Murray ni ó dé ní ọdún 1927, ọ̀nà wọn sì yà pátápátá. Ẹ̀rù ń ba Murray pé ọgbọ́n òyìnbó yóò fa ọmọ tu kúrò nínú àṣà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ya ìgbé-ayé abúlé àti ìtàn àtẹnudẹ́nu, kí wọ́n fi igi àti amọ̀ ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1937 ó ṣe àfihàn iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ márùn-ún ní London. Ben Enwonwu wà lára wọn.

Ó rọrùn láti ka ìtàn yìí bí ẹni pé Murray ni ó gbèjà àṣà, tí Ọnàbólú sì ń sáré tẹ̀lé òyìnbó. Ìwé-kíkà bẹ́ẹ̀ kò jinlẹ̀ tó. Àwọn ará Èkó ìgbà ayé rẹ̀, nínú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ gan-an, ni Ọnàbólú yà. Murray ni ó ti pinnu ohun tí ó jẹ́ ti ìbílẹ̀ kí ọmọ tó ya ohunkóhun, ahéré inú ìwé ẹ̀kọ́ òde òní sì súnmọ́ ìpinnu yẹn ju bí ó ti súnmọ́ Ọnàbólú lọ. Síbẹ̀, kí a má gba ẹ̀tọ́ Murray lọ́wọ́ rẹ̀: ó mọ̀ pé ọmọ ní ohun tí ó fẹ́ sọ. Ọnàbólú kọ́ ọwọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun púpọ̀ nínú ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ tí ó ń béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ náà.

Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni a fẹ́ mọ bí ọnà ìbílẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ ibùgbé, ọ̀dọ̀ àwọn aládìrẹ ni ó yẹ kí a lọ. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin fi ń ya ọnà sí aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin máa ń gé ọnà sára páànù, wọ́n á sì fi tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ. Ọ̀kan nínú ọnà tí ó lókìkí jùlọ ni Ìbàdàndùn. Orúkọ yẹn gan-an ni ìfẹ́ ìlú. Kí ni wọ́n yà sínú rẹ̀? Òpó gbọ̀ngàn Máàpó wà níbẹ̀, ilé tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn kọ́. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò wá ahéré lọ. Wọ́n wo orí òkè, wọ́n rí ohun tuntun tí ó ti di ti Ìbàdàn, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹ̀rí pé ìlú náà dùn. Bákan náà ni ọnà Olóba ṣe ti inú àjọ̀dún ọdún karùndínlọ́gbọ̀n Ọba George Karùn-ún lórí ìtẹ́, ní ọdún 1935, jáde. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé àṣà fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rù ohun àná.

Ẹnikẹ́ni lè ṣàtakò pé bí ọmọ bá ń ya ọjà ẹ̀bá òpópónà àti ilé tí a kò tíì rẹ́, yóò gbàgbé oríkì orílẹ̀ rẹ̀. Ìtàn Ẹ̀gbá fúnra rẹ̀ dá àtakò yìí lóhùn. Ogun ni ó kó wọn dé abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, wọ́n sì gbé orúkọ àwọn ìlú tí ó ti tú lọ síbẹ̀. Aké, Òkè-Ọ̀nà, Gbágùrá àti Òwu ṣì wà nínú Abẹ́òkúta títí di òní. Wọn kò ní láti yan ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó di ọmọ Abẹ́òkúta. Àwọn ará abúlé Ọbáfẹ́mi pàápàá, oko ni wọ́n ń gbé, ilé sì wà ní Abẹ́òkúta. Ọmọ tí ó ní ibi méjì kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ yẹn rárá. Ohun tí kò sí fún un ni ẹni tí yóò ní kí ó ya ibi méjèèjì sórí bébà kan: ilé ìyá àgbà, ọ̀nà tí ó jìn, ilé tí bàbá ń kọ́ díẹ̀díẹ̀.

Níbí ni Ọnàbólú ti tún wúlò. Ọ̀nà tí ó jìn kò rọrùn láti yà. Bí wọn kò bá kọ́ ọmọ bí òpópónà ṣe ń tín-ín-rín bí ó ti ń lọ, yóò padà sí ahéré nítorí pé ahéré ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Àwọn aládìrẹ kò ya òpó Máàpó láìní ọgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ lọ́dọ̀ ìyá wọn láti kékeré. Gbólóhùn tí ó gbajúmọ̀ láàárín àwọn olùkọ́, pé kí a fi ọmọ sílẹ̀ kí ó yà ohun tí ó bá wù ú, máa ń já sí ọ̀lẹ ní yàrá tí ọmọ àádọ́ta wà pẹ̀lú olùkọ́ kan.

Ohun kan sì wà tí kò ná ilé-ìwé ní kọ́bọ̀. Àdìrẹ kì í jáde lọ sí ọjà láìní orúkọ, orúkọ náà ni ó sì ń sọ ohun tí ẹni tí ó yà á rò nípa rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ ọnà, olùkọ́ ni ó máa ń kọ àkọlé sójú pátákó kí ọmọ tó mú pẹ́ńsù: "Ìlú Mi". Kí olùkọ́ ní Ìbafò fi pátákó sílẹ̀ lófìfo. Lẹ́yìn tí ọmọ bá yà á tán, kí ó bi í léèrè orúkọ tí àwòrán náà ń jẹ́, kí ó sì bá a kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ bí ọmọ náà ṣe pè é gan-an.